Òjé Nínú Omi, Nínú Tìróò, Lára Ògiri: Ìdáhùn sí Àwọn Ìbéèrè Yín

Lẹ́tà tó wọlé lórí ọ̀rọ̀ òjé pọ̀ ju ohun tí ojú ewé yìí lè gbà lọ, nítorí náà a kó àwọn tó jọra pọ̀. Òjé tí à ń sọ ni irin eléérú tó rọ̀, tó sì wúwo, tí wọ́n fi ń rọ ẹ̀gbà àwọn ọlọ́bàtálá, tí ọdẹ ń yọ́ fi ṣe ọta, tó sì kún inú bátìrì ọkọ̀. Bó bá wà nínú omi, kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀ tí ojú lè fi dá a mọ̀. Ara ọmọ ènìyàn kò fi í ṣe nǹkan kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti sọ ọ́ gbangba pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò léwu.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Omi kànga la ń mu nílé wa ní Apákẹ́. Ẹ̀rọ ló ń fà á sínú táǹkì, ó wá ń gba páìpù wọlé. Mo máa ń sè é kó hó dáadáa kí n tó fún àwọn ọmọ. Ṣé òjé ò ní kúrò nínú rẹ̀ báyìí? — Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Ògbómọ̀ṣọ́

Ìyá, ẹ kú ìtọ́jú wọn. Sísè tí ẹ ń se omi náà dára, ẹ má fi sílẹ̀, torí ó ń pa kòkòrò onígbáméjì àti ti ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Ṣùgbọ́n òjé kì í ṣe kòkòrò, kò ní ẹ̀mí tí iná máa pa. Omi ló ń di ooru lọ, òjé á dúró sínú ìkòkò. Bí ẹ bá gbé lítà 2 kaná, tó hó títí tó fi ku lítà 1, gbogbo òjé tó wà nínú méjèèjì ló ti rọ́ sínú ẹyọ kan yẹn. Nítorí náà, bó bá ti hó kùtùkùtù fún ìṣẹ́jú kan, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Álọ́ọ̀mù tí à ń fi mú omi tòrò kò ṣeé gbára lé fún òjé, klorínì náà kò lè mú un kúrò.

Ibo ló ti ń wọ inú omi? Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀, ojú ọ̀nà tí omi gbà wọlé ni. Àwọn tó ń ṣe ẹnu ẹ̀rọ onídẹ máa ń da òjé díẹ̀ mọ́ idẹ kó lè rọrùn láti gé. Lẹ́ẹ̀dì àtijọ́ tí wọ́n fi ń jó páìpù bàbà pọ̀, òjé pọ̀ nínú rẹ̀. Páìpù rọ́bà náà, àwọn kan wà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n fi èròjà òjé sí kí ooru má bàa tètè bà á jẹ́. Omi tó bá kan díẹ̀, àti omi òjò, máa ń jẹ irú nǹkan wọ̀nyí ju omi mìíràn lọ. Omi gbígbóná tún burú sí i. Bí omi bá wá dúró sójú kan láti alẹ́ mọ́jú, àyè gbà á láti jẹ ẹ́ dáadáa. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ife àkọ́kọ́ láàárọ̀, èyí tí ọmọ fi ń lo oògùn tàbí tí ẹ fi ń po ògì, òun ló sábà máa ń burú jù.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Flint, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, wọ́n yí omi ìlú padà sí ti odò Flint, wọn ò sì fi èròjà tó ń dáàbò bo inú páìpù sí i. Páìpù tó ti wà nílẹ̀ tipẹ́ láìpariwo ni omi tuntun náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, òjé sì ń ṣàn wọlé àwọn èèyàn. Ká sọ pé omi mọ́ níbi tí wọ́n ti pọn ọ́n nìkan kò tó.

Ohun tí ẹ máa ṣe kò ná yín lówó. Páìpù tí ihò rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 15, tó gùn ní mítà 10, omi inú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi lítà 1.8 lọ. Láàárọ̀, ẹ gbé garawa sábẹ́ ẹ̀rọ, kí ẹ gba lítà 5 àkọ́kọ́. Ẹ fi ìyẹn fọ aṣọ tàbí kí ẹ dà á sí ilé ìgbẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ tó gba èyí tí ẹ máa mu àti èyí tí ẹ máa fi se oúnjẹ. Bí asẹ́ kékeré bá wà lẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ máa tú u lóṣooṣù kí ẹ ṣan ìdọ̀tí inú rẹ̀ dànù, torí ègé òjé máa ń há síbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ òtítọ́ nípa omi yín, ìgò mẹ́ta ni kí ẹ gbà, kì í ṣe ọ̀kan. Ẹ lo ìgò rọ́bà tuntun tó mọ́, tó gba lítà 1. Èkíní: omi tó ti dúró nínú páìpù fún wákàtí 6 ó kéré tán, bí ẹ bá ti ṣí ẹ̀rọ báyìí, ẹ gbé ìgò sábẹ́ rẹ̀, ẹ má ṣan nǹkan kan dànù. Èkejì: láti ẹnu ẹ̀rọ kan náà, lẹ́yìn tó ti ṣàn fún ìṣẹ́jú 5. Ẹ̀kẹta: láti inú kànga fúnra rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ pé èkíní nìkan ni òjé pọ̀ nínú rẹ̀, ẹnu ẹ̀rọ tàbí páìpù ni ọ̀daràn, púlọ́ḿbà lè pààrọ̀ rẹ̀. Bí òjé bá wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kànga ni, jíjẹ́ kí omi ṣàn kò sì ní ran yín lọ́wọ́. Ẹ wá omi mìíràn fún mímu. Ẹ béèrè ní ẹ̀ka kẹ́místrì ní yunifásítì LAUTECH tàbí ní ilé àyẹ̀wò omi bóyá wọ́n lè wọn òjé, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ ẹ̀rọ tó lè rí ohun tó kéré ju mílígíráàmù 0.01 nínú lítà kan lọ. Iye yẹn ni òṣùwọ̀n omi mímu Nàìjíríà gbà mọ, òun náà ni WHO sọ.

Ìyá ọkọ mi ní kí n máa lé tìróò fún ọmọ mi tó pé oṣù 4, kí ojú rẹ̀ lè mọ́lẹ̀ kó sì tóbi. Nọ́ọ̀sì ní kí n má dán an wò. Ó ti fẹ́ dìjà nílé o. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? — Ìyàwó Ilé, Ìṣokùn, Ọ̀yọ́

Ti nọ́ọ̀sì ni kí ẹ gbọ́. Ẹ má sì jẹ́ kó dìjà, torí ìfẹ́ ọmọ ló ń ti màmá. Ohun tí wọ́n bá lọ́wọ́ ìyá tiwọn ni wọ́n ń ṣe.

Òkúta tí wọ́n ń lọ̀ ṣe ojúlówó tìróò, òjé àti imí ọjọ́ ló so pọ̀ di òkúta. Ẹni tó bá ti rí i níbi tí wọ́n ti ń fọ́ ọ á mọ̀ pé kì í fọ́ kábakàba bí òkúta mìíràn. Ó máa ń là sí igun mẹ́rin-mẹ́rin bíi ṣúgà onígun mẹ́rin, ojú ibi tó ti là á máa dán bíi dígí dúdú. Ègé rẹ̀ tó tóbi tó páálí ìṣáná lè wúwo tó gíráàmù 200. Wíwúwo yẹn, òjé ni.

Ní ọdún 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọkùnrin olóṣù 6 kan wò, ọmọ tí ìdílé rẹ̀ wá láti Nàìjíríà. Wọ́n bá máíkírógíráàmù òjé 13 nínú desilítà ẹ̀jẹ̀ kan. (Máíkírógíráàmù 1 ni gíráàmù tí a pín sí mílíọ̀nù kan, desilítà ni ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà.) Wọ́n wá ibi tó ti wá títí, ó di tìróò tí wọ́n ń lé fún un. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò náà wò, nínú gíráàmù 100 rẹ̀, 82.6 jẹ́ òjé. Ẹ tún nọ́ńbà yẹn kà.

Bó ṣe ń wọ ara ọmọ kò ṣòro láti rí. Ọmọ á fọwọ́ ra ojú, á ti ọwọ́ kan náà bọ ẹnu. Omijé á ṣàn gba ihò imú sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀nà ọ̀fun. Òjé tí ọmọdé bá gbé mì, èyí tí ara rẹ̀ ń fà mu lè tó ìlọ́po 4 sí 5 ti àgbàlagbà, ọpọlọ rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà ni.

Òótọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń tà ní Akẹ̀sán bíi tìróò ló jẹ́ òkúta yìí. Àwọn kan jẹ́ èédú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti lọ̀ ọ́ tán, ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹni tó ń tà á gan-an lè má mọ̀. Nítorí náà, ẹ má fi èyíkéyìí sí ọmọ lójú, ẹ má fi sí ìdodo rẹ̀. Ẹ fi òwú tútù nu èyí tó wà níbẹ̀ kúrò, ẹ fọ irọ́rí àti aṣọ ìbora, ẹ di ìgò tìróò àti igi rẹ̀ sínú ọ̀rá, ẹ so ó pinpin, ẹ má sì fún ẹlòmíràn. Ẹ gbé ọmọ lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bí ipin bá ń dí ọmọ lójú, omi tó hó tó sì ti tutù ni kí ẹ fi nù ún, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ jẹ́ kí màmá máa fi òrí pa ọmọ lára lálẹ́. Iṣẹ́ wọn nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè ṣe é bíi tiwọn.

Ọkọ mi ń ṣá bátìrì, ó tún ń tú èyí tó ti kú, ó sì ń yọ́ irin inú rẹ̀ lẹ́yìnkùlé wa. Ọmọ wa ọdún 3 ń ké inú rírun, ìgbẹ́ kì í yọ bọ̀rọ̀, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ jù. Wọ́n ní aràn ni. — Ìyá Sódíq, Táákíì, Ògbómọ̀ṣọ́

Ìyá Sódíq, ẹ má dúró de oògùn aràn. Lọ́sẹ̀ yìí gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, kí ẹ sì sọ fún dókítà láti ẹnu ọ̀nà pé wọ́n ń yọ́ bátìrì nílé. Bí ẹ ò bá sọ ọ́, ó lè má wá sí i lọ́kàn, torí inú rírun, àìlèyàgbẹ́, àìtó ẹ̀jẹ̀ àti àárẹ̀ jọ àìsàn púpọ̀. Bí gìrì bá mú un, tàbí tó ń bì, tó ń sùn lọ láìjí dáadáa, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ẹ má sì fi nǹkan kan sí i lẹ́nu.

Bátìrì ọkọ̀ kékeré kan lè ní òjé kìlógíráàmù 8 sí 10 nínú. Nígbà tí wọ́n bá ń yọ́ ọ, èéfín ń gbé e lọ. Nígbà tí wọ́n bá ń fọ́ àwo inú rẹ̀, erùpẹ̀ rẹ̀ ń bà sílẹ̀. Òjé kì í jẹrà. Èyí tó bọ́ sílẹ̀ lónìí yóò wà níbẹ̀ nígbà tí ọmọ yín bá bímọ. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní Senegal, àwọn èèyàn ń sẹ́ iyẹ̀pẹ̀ láti ṣa òjé bátìrì nínú rẹ̀. Láàárín oṣù kọkànlá ọdún 2007 sí oṣù kẹta ọdún 2008, ọmọdé 18 kú níbẹ̀. Nílé wa níbí, ní Zamfara ní ọdún 2010, ó kéré tán 400 ọmọdé ló kú nígbà tí wọ́n ń lọ òkúta góòlù tí òjé pọ̀ nínú rẹ̀ nínú agboolé. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ yẹn kò débi iṣẹ́ rí. Iṣẹ́ ló tọ̀ wọ́n wálé.

Ẹ sọ fún bàbá wọn, pẹ̀lú sùúrù, pé yíyọ́ náà gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró nílé pátápátá, kì í ṣe kó kàn sún un sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kó máa ta bátìrì tó kú lódindi, láìtú u, láìda omi inú rẹ̀ sílẹ̀. Ní ti ṣíṣá bátìrì, kó ní aṣọ iṣẹ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù tí kì í wọ̀ wálé, kó wẹ̀ kó tó gbé ọmọ, kó bọ́ bàtà sí ìta. Ẹ má fọ aṣọ iṣẹ́ náà pọ̀ mọ́ ti ọmọ. Kó má jẹun nídìí bátìrì. Kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ara tirẹ̀ náà wò, torí òjé ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì ń ba kíndìnrín àgbàlagbà jẹ́.

Ní ti àyíká, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá ilé mọ́. Eruku ni ẹ ń gbé dìde. Aṣọ tútù ni kí ẹ máa fi nu ilẹ̀ àti ojú fèrèsé, ẹ pààrọ̀ omi lóòrèkóòrè. Ibi tí wọ́n ti ń yọ́ ọ, ẹ má gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí adìyẹ máa jẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ da kọnkéré bò ó bí agbára bá gbé e.

Mo fẹ́ há ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára fèrèsé onígi àti ilẹ̀kùn ilé bàbá mi ní Kínńírá kí n tó tún un kùn. Ṣé lóòótọ́ ni pé òjé wà nínú ọ̀dà? — Onílé

Lóòótọ́ ni. Ọ̀dà olóyìlì, èyí tó ń dán, ni kí ẹ fojú sí jù: àwọ̀ ìyeyè, pupa, ọsàn àti ewé. Òjé ló ń jẹ́ kí irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ kó sì pẹ́. Ìwọ̀n tí WHO àti àjọ àyíká ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè dámọ̀ràn kò ju gíráàmù 90 nínú gíráàmù mílíọ̀nù kan ọ̀dà gbígbẹ. Bí ọ̀dà náà bá ṣì le, tí kò bó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má há a rárá. Ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ kun tuntun lé e.

Èyí tó ń bó ni iṣẹ́ wà lára rẹ̀. Ẹ kó ọmọdé àti aboyún kúrò nílé títí ẹ ó fi fọ ilé tán. Ẹ tẹ́ ọ̀rá fífẹ̀ sílẹ̀, kó yọ ní mítà 2 sí iwájú ibi iṣẹ́. Ẹ fi omi àti ọṣẹ díẹ̀ sínú ìgò tó ń fín, ẹ fín ọ̀dà náà kó tutù dáadáa kí ẹ tó fi ọ̀bẹ akunlé há a, kí ẹ sì máa fín in bó ṣe ń gbẹ. Sáńpépà gbígbẹ àti ẹ̀rọ tó ń yí ni àṣìṣe tí à ń rí jù; eruku tí wọ́n ń tú jáde lẹ́búlẹ́bú ju ohun tí ojú rí lọ. Fífi iná jó o tún burú sí i, torí èéfín òjé ni ẹ máa fà símú. Ìbòmú aláṣọ kò tó. Ẹ ra N95 tàbí èyí tó lágbára jù ú lọ, kó lẹ̀ mọ́ imú. Ẹ ká ọ̀rá náà sínú, ẹ so ó, ẹ má jó o, ẹ má dà á sí ààtàn tí adìyẹ ń tú. Bí ẹ bá ń ra ọ̀dà tuntun, ẹ béèrè èyí tí wọ́n kọ ọ́ sára agolo rẹ̀ pé kò ní òjé.

Mo wà nínú oyún oṣù 5. Ó ń wù mí kí n máa jẹ amọ̀ funfun tí wọ́n ń tà lọ́jà. — Aboyún, Ọ̀wọ́dé, Ọ̀yọ́

Ẹ dákun, ẹ jáwọ́. Àwọn aláṣẹ oúnjẹ ní Amẹ́ríkà àti Bìrìtéènì ti kìlọ̀ nípa irú amọ̀ bẹ́ẹ̀ tó wá láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà nítorí òjé tí wọ́n bá nínú rẹ̀. Òjé máa ń gba inú olóbì kọjá sára ọmọ. Bí kálísíọ́ọ̀mù, èròjà tó ń mú eegun le, ò bá tó, ara á máa wú u jáde láti inú eegun ìyá, òjé tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà èwe a sì tẹ̀lé e wọ ẹ̀jẹ̀. Pé amọ̀ ń wù yín jẹ lè jẹ́ àmì pé ẹ̀jẹ̀ yín kéré. Ẹ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì níbi ìtọ́jú aboyún, ẹ má sì fi oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún yín sílẹ̀.

Àgbo wo ló ń fọ òjé kúrò lára? Mo tún gbọ́ pé wàrà ń pa á. — Bàbá Àgbà, Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́

Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n o, ṣùgbọ́n kò sí ewé kan tí a lè tọ́ka sí. Ohun tó ń gba ọmọ là ni kí a rí ibi tí òjé ti ń wá, kí a sì mú un kúrò níbẹ̀. Bí a bá ti dá a dúró, ìdajì èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ lè lọ láàárín nǹkan bí oṣù kan. Èyí tó ti wọ eegun lè lo ọdún 10 sí 30. Ohun tí àgbo sábà máa ń ṣe ni pé ó ń fi ọjọ́ falẹ̀.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ń sọ òótọ́, torí ọ̀pọ̀ ọmọ tí òjé ń bà jẹ́ ń sáré, ń ṣeré, kò sí àmì kan lára wọn ju pé ìwé kì í wọ̀ wọ́n lórí. Ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ibi tí wọ́n ti lè ṣe é, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ láti inú iṣan. Ti ìka lè kó ìdọ̀tí awọ ara mọ́ ọn. Bó bá tó máíkírógíráàmù 5 nínú desilítà, WHO ní kí wọ́n wá orísun rẹ̀ kí wọ́n sì dá a dúró. Bó bá tó 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lára ọmọ tí kò ju ọdún 10 lọ, oògùn wà tó ń fa òjé jáde, dókítà ló sì ń fún un. Kò yẹ kí ọmọ tó ń lò ó padà sílé tí òjé ṣì wà, kó tún lọ máa gbé òmíràn mì.

Ní ti wàrà, ẹ ò jìnnà sí òtítọ́. Kì í pa òjé, ṣùgbọ́n inú tó ṣófo àti ara tí irin inú oúnjẹ àti kálísíọ́ọ̀mù kò tó máa ń fa òjé mu jù. Ẹ jẹ́ kí ọmọ jẹun láàárọ̀ kó tó jáde. Wàrà àwọn Fúlàní, ẹ̀wà, ẹja wẹ́wẹ́ teegun-teegun àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ dára. Ní àsìkò máńgòrò, tí Ògbómọ̀ṣọ́ ò ṣe ní tà, ẹ fún wọn lẹ́yìn oúnjẹ. Ó ń ran irin inú ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ láti wọ ara.

Ṣé ìkòkò tí wọ́n rọ láti ara pánù àlòkù léwu? — Olóúnjẹ, Akẹ̀sán

Ó lè léwu. Ohun tó bá wà nínú pàǹtírí tí wọ́n yọ́ ló máa wà nínú ìkòkò, bí rédíétọ̀ tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì jó bá sì bọ́ sínú rẹ̀, òjé ti wọlé nìyẹn. Ohun kíkan ló ń fà á jáde: ata tòmátì tí ẹ jẹ́ kó sun mọ́jú nínú rẹ̀, omi ògì. Ẹ máa bu ọbẹ̀ sínú abọ́ mìíràn bó bá ti jinná, ẹ má sì fi kànrìnkàn onírin ha inú rẹ̀ títí yóò fi máa dán.

Ọdẹ ni mí. Mo ń yọ́ òjé fún ọta ṣakabùlà mi. — Ọmọ Ọdẹ, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú ewu oko. Ẹ yọ́ ọ níta gbangba, jìnnà sílé, kí afẹ́fẹ́ máa ti ẹ̀yìn yín wá, nínú agolo tí kò ní padà sí ìdáná láéláé. Ẹ má fi eyín mú ọta, ẹ má sì fi í sẹ́nu nígbà tí ẹ bá ń kì ìbọn. Ẹ fi ọṣẹ wẹ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun. Bí ẹ bá pa ẹran, ẹ gé ibi tí ọta gbà wọlé dànù, kó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ kan yíká ojú ọgbẹ́ náà, pàápàá ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá dì sí, torí òjé rọ̀, ó ń fọ́ wẹ́wẹ́ bó bá kọlu eegun. Ẹ má ju ibi tí ẹ gé náà sí ajá. Èyí tó bá kù lára apá ibẹ̀, kí ọmọdé àti aboyún má jẹ nínú rẹ̀. Itan òdìkejì ni kí ẹ fún wọn.